Kíkó Fáìlì Lọ sí Ibi Ìpamọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti Yunifásítì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa ran akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó fáìlì wọn láti orí fíláàṣì, láptọ́ọ̀pù tàbí sáfà àtijọ́ lọ sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbígbé fáìlì sókè kì í yọ ènìyàn lẹ́nu pẹ́ títí. Ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ọ̀ràn: ta ló ni fáìlì, ta ló lè pa á rẹ́, ta ni yóò ṣì lè ṣí i bí ọdún bá yí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìdáhùn kan fi gùn nísàlẹ̀ yìí, tí àwọn mìíràn kò sì ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Ṣé ibi ìpamọ́ yunifásítì yàtọ̀ sí Google Drive tí mo ti ń lò fúnra mi?

Ohun èlò náà lè má yàtọ̀ rárá. Yunifásítì tó pọ̀ ni kò kọ́ tiwọn. Wọ́n ń gba àyè lọ́wọ́ Microsoft, Google, Box tàbí Dropbox. Àwọn mìíràn ń lo Nextcloud, tó yapa kúrò lára ownCloud ní 2016, lórí ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà wọn gan-an.

Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ni ìyàtọ̀. Àkáǹtì tí ẹ ṣí fúnra yín, ẹ̀yin lẹ ni ín. Èyí tí yunifásítì fún yín, ayálégbé lẹ jẹ́ níbẹ̀. Onílé lè dín àyè kù, ó lè yí òfin padà, ó sì ní ọjọ́ tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà lọ.

Nígbà kan, wọ́n ní àyè náà kò lópin. Kí ló wá dé tí wọ́n ń ní kí á dín fáìlì kù?

Kò lópin nígbà náà lóòótọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni Google kéde pé àyè aláìlópin tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń lò yóò dópin, àti pé láti oṣù keje 2022, terabyte 100 ni gbogbo ènìyàn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan yóò jọ máa pín lò lọ́fẹ̀ẹ́. Microsoft náà tẹ̀ lé e. Terabyte 100 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi gigabyte 50 tàbí 100 kún un fún ẹnikẹ́ni tí ilé ẹ̀kọ́ bá sanwó fún. Oṣù kẹjọ 2024 ni èyí bẹ̀rẹ̀.

Terabyte 100 dà bí òkun létí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹ wá pín in fún ènìyàn 20,000, gigabyte 5 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan ti lè gbé e mì. Nítorí náà, bí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà bá ń fi ímeèlì lé yín kiri, wọn kò fi yín ṣeré.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má tíì gbé nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ pín ẹrù náà sí mẹ́ta.

Èkíní ni ohun tó jẹ́ ti ara yín: fọ́tò ìdílé, ìwé ìrìnnà, orin. Ìwọ̀nyí kò ní ohun tí wọ́n ń wá lórí àkáǹtì yunifásítì. Ẹ kó wọn lọ sí àkáǹtì tiyín. Èkejì ni iṣẹ́ tí ẹ̀yin nìkan ń lò: àkọsílẹ̀ kíláàsì, tísíìsì tí ẹ ń kọ, ìwé tí ẹ ń kà. Àyè tiyín lórí OneDrive ti Microsoft tàbí "My Drive" ti Google ni ìyẹn ń lọ.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀: ohun tí ẹ̀ka, ìgbìmọ̀ tàbí ẹgbẹ́ olùwádìí jọ ń lò. Kò yẹ kí ó wà lábẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Google ń pe àyè irú rẹ̀ ní "Shared drive". Lọ́dọ̀ Microsoft, SharePoint tàbí Teams ni. Fáìlì tó bá wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ló ni ín. Ẹni tó fẹ́ lọ lè lọ, ẹni tó fẹ́ dé lè dé, fáìlì kò kúrò lójú kan. Mo ti bá ẹ̀ka kan ṣiṣẹ́ tí gbogbo fọ́ọ̀mù akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà lórí àkáǹtì akọ̀wé wọn. Akọ̀wé fẹ̀yìn tì, wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ bí òfin ṣe wí, gbogbo líǹkì sì kú lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n rí fáìlì wọn gbà padà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni, nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín in tán, ẹ wá gbá ilẹ̀. Ohun tí a fi ń gbé ápù sórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa á rẹ́, ẹ óò tún rí i níbi tí ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni "ìkẹyìn.docx", "ìkẹyìn gan-an.docx" àti "ìkẹyìn tòótọ́ 2.docx". Ẹ mú ọ̀kan.

Ọ̀nà wo ló yá jù láti kó wọn?

Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni. Bí ó bá jẹ́ fáìlì mélòó kan, ẹ ṣí búráúsà, ẹ wọ́ fódà sínú rẹ̀, ó tán. Bí ó bá tó gigabyte bíi mẹ́wàá sókè, ẹ gbé ápù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, yálà OneDrive tàbí Google Drive for desktop, torí bí iná bá lọ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ápù á rántí ohun tó kù, nígbà tó jẹ́ pé búráúsà lè ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí. Búráúsà lè sọ ọjọ́ tó wà lára gbogbo fáìlì di ọjọ́ òní. Bí ọjọ́ tí ẹ kọ nǹkan bá ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yín, ẹ lo ápù.

Fún ẹrù ńlá, irú èyí tí yàrá ìwádìí máa ń ní, rclone ni mo fẹ́ràn. Ápù ọ̀fẹ́ tí a fi ń kó fáìlì ni, àṣẹ ni a ń tẹ̀ sí i, ó sì gbọ́ èdè ọ̀pọ̀ ibi ìpamọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, kí ó lọ bá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, torí wọ́n ní ohun èlò tí wọ́n fi ń kó àkáǹtì láti ẹ̀yìn láìjẹ́ pé fáìlì gba orí láptọ́ọ̀pù yín kọjá. Google kì í gbà ju gigabyte 750 lọ́wọ́ ẹnì kan lóòjọ́, nítorí náà ẹ má gbìyànjú láti parí terabyte mẹ́ta ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé megabit 10 sókè ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gigabyte 50 yóò gba nǹkan bíi wákàtí 11. Megabit kì í ṣe megabyte o: mẹ́jọ ti àkọ́kọ́ ló wà nínú ọ̀kan ti èkejì. Ìyára tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń polówó sì sábà máa ń jẹ́ ti wíwà nǹkan sílẹ̀, gbígbé sókè máa ń lọ́ra jù bẹ́ẹ̀. Fáìlì kéékèèké 10,000 tún máa ń pẹ́ ju fáìlì ńlá kan tó wúwo tó gbogbo wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ tọ́jú wọn ni, ẹ di wọ́n pọ̀ sínú zip.

Mo kó Google Docs mi lọ sí OneDrive, ṣùgbọ́n wọn ò ju kilobyte kan lọ, wọn ò sì ṣí. Ibo ni iṣẹ́ mi wà?

Iṣẹ́ yín ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .gdoc tàbí .gsheet kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Àmì ojú ọ̀nà lásán ni, ó ń tọ́ka sí ibi tí ìwé náà wà lọ́dọ̀ Google. Àmì lẹ gbé, ẹ fi ilé sílẹ̀. Ẹ má pa àkáǹtì àtijọ́ rẹ́ o!

Ẹ padà lọ, ẹ lo Google Takeout, ojú ewé tí Google fi ń jẹ́ kí ẹ kó ohun yín jáde, tàbí kí ẹ yan àwọn fódà náà kí ẹ ní kí Google wà wọ́n sílẹ̀ fún yín. Yóò sọ wọ́n di .docx, .xlsx àti .pptx. Ìtàn àtúnṣe kì í tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá nílò ẹ̀rí pé ọjọ́ báyìí lẹ kọ orí kẹta, ẹ tọ́jú ìyẹn sọ́tọ̀ kí ẹ tó kúrò.

OneDrive kò gba orúkọ àwọn fáìlì mi kan. Kí ló burú nínú wọn?

OneDrive kì í gba orúkọ tó bá ní ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí: " * : < > ? / \ |. Ẹni tó bá ti ń lo Mac ló máa ń kan jù, torí Mac kò ka púpọ̀ nínú wọn sí. Orúkọ tó gùn náà jẹ́ ìṣòro. Bí ẹ bá ka orúkọ fáìlì pọ̀ mọ́ ti gbogbo fódà tó wà lókè rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju àmì 400 lọ. Fódà tó wà nínú fódà tó wà nínú fódà ló máa ń fa èyí, pàápàá bí olúkúlùkù wọn bá ń jẹ́ odindi gbólóhùn. Ẹni tó ń lo Linux ní tirẹ̀ lè ní "Orí1" àti "orí1" nínú fódà kan náà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni méjèèjì lójú Windows.

Àwa tí a ń fi àmì ohùn kọ orúkọ fáìlì, ọ̀rọ̀ tiwa tún wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú "é" bí lẹ́tà kan, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bí "e" tí àmì wá gùn lé lórí. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni. Lójú ẹ̀rọ, méjì ni. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn ìkólọ láti Mac, ẹ óò rí fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà láìní ìyàtọ̀ kankan. Ẹ wo ọjọ́ àti ìwọ̀n wọn kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́. Èmi kì í torí èyí yọ àmì kúrò nínú iṣẹ́ mi, orúkọ fódà tó wà lókè pátápátá nìkan ni mo máa ń kọ láìfi àmì sí.

Páásìwọ́ọ̀dù mi tọ̀nà, síbẹ̀ ó ní n kò ní àṣẹ láti wọlé.

Ẹ wo igun apá ọ̀tún lókè búráúsà yín. Àwòrán ta ló wà níbẹ̀? Ohun tí mo máa ń bá jù ni pé àkáǹtì ti ara ẹni ló ṣí sílẹ̀, òun ni ẹni náà sì fi ń kanlẹ̀kùn yunifásítì. Ẹ ṣí "profile" ọ̀tọ̀ nínú Chrome, Edge tàbí Firefox fún ti yunifásítì nìkan. Ìyẹn máa ń parí rẹ̀.

Bí kò bá parí, ẹ gbìyànjú ímeèlì yunifásítì yín ní kíkún dípò nọ́ńbà ìdánimọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé fóònù tuntun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ápù tó ń fi nọ́ńbà ìmúdájú ránṣẹ́ ṣì so mọ́ ti àtijọ́. Kí ẹ tó pààrọ̀ fóònù, ẹ fi ọ̀nà kejì sílẹ̀ lórí àkáǹtì yín. Bí fóònù yín bá sì ń béèrè pé ṣé ẹ̀yin lẹ ń wọlé nígbà tí ẹ kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, "rárá" ni kí ẹ dáhùn, kí ẹ sì pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀ka wa ṣì ní sáfà àtijọ́. Ó ń ṣí lọ́fíìsì, kì í ṣí nílé.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ọ̀nà SMB tí irú sáfà bẹ́ẹ̀ ń gbà sọ̀rọ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà 445, yunifásítì àti ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń ti ẹnu ọ̀nà náà sí ẹni tó wà níta. Ní oṣù karùn-ún 2017, ibẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé.

VPN yunifásítì, ìyẹn ápù tó ń mú kọ̀ǹpútà yín wọ nẹ́tíwọ̀kì yunifásítì láti ìta, ni kí ẹ kọ́kọ́ tan. Lẹ́yìn náà, lórí Windows, ẹ ṣí "This PC", ẹ yan "Map network drive", ẹ kọ orúkọ sáfà àti fódà pẹ̀lú \\ níwájú. Lórí Mac, láti inú Finder, ẹ tẹ Command àti K pọ̀, kí ẹ fi smb:// ṣíwájú orúkọ náà. Ìdajì ìpè tó ń dé ọ̀dọ̀ mi lórí èyí kò ju pé ẹni náà dojú àmì \\ tàbí // yẹn kọ òdì. Ẹ má sì rò pé eduroam, Wi-Fi tí àwọn yunifásítì jọ ń lò, ti tó. Bí ẹ bá wà ní yunifásítì ẹlòmíràn, orí nẹ́tíwọ̀kì tiwọn lẹ wà, ẹ ṣì nílò VPN.

Kọ̀ǹpútà mi ti kún. Ṣé mo lè pa fáìlì inú fódà OneDrive rẹ́, nígbà tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Rárá! Bí ẹ bá ka ìdáhùn kan ṣoṣo lónìí, kí ó jẹ́ èyí.

Fódà tó ń ṣe síńkì kì í ṣe àpótí tí a kó ẹ̀dà kan sí. Dígí ni. Ohun tí ẹ bá ṣe níwájú rẹ̀ ló ń ṣe padà. Ẹ pa fáìlì rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, yóò pa rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Bí fódà náà bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ló pàdánù rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ rí àyè fi fídíò sí pa odindi fódà dátà ẹgbẹ́ wọn rẹ́ báyìí ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Ajé ni ariwo ta.

Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni pé kí ó fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, kí ó yan "Free up space". Fáìlì á kúrò lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa kù níbẹ̀, a ó sì tún wà á sílẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i. Lórí Windows, àwọn àmì kéékèèké ló ń sọ ibi tí fáìlì wà. Ìkùukùu aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà. Àmì máàkì aláwọ̀ ewé nínú roboto funfun túmọ̀ sí pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà báyìí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè yọ ọ́ bí àyè bá há. Roboto tó kún fún àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ẹ ti ní kí ó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ti ìkẹyìn yìí ni kí ẹ ṣe fún ohun tí ẹ máa kà.

Bí aburú náà bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ sáré. Ohun tí ẹ pa rẹ́ lórí OneDrive ilé ẹ̀kọ́ máa ń wà nínú ààtàn fún ọjọ́ 93, ti Google fún ọjọ́ 30. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti wá a.

Ǹjẹ́ ohun kan wà tí kò yẹ kí n fi sínú fódà síńkì?

Ó wà. Fódà dátà Zotero, ápù tí a fi ń tọ́jú ìwé tí a ń tọ́ka sí, wà lára wọn, torí ibi ìkódátàjọ kan ló jẹ́ tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ó lè bàjẹ́, àwọn tó ṣe Zotero fúnra wọn sì kìlọ̀ lórí rẹ̀. Bákan náà ni fáìlì .pst tí Outlook ń kó ímeèlì sí àti fódà Git, èyí tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe iṣẹ́ wọn. Ìyẹn kò ní kí ẹ má tọ́jú ẹ̀dà wọn. Ẹ pa ápù náà dé, ẹ di wọ́n sínú zip, zip náà ni kí ẹ gbé sókè.

Dátà àwọn ènìyàn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ńkọ́?

Ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n fọwọ́ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Bí ẹ bá ṣèlérí níbẹ̀ pé ibi báyìí ni ohùn wọn yóò wà, ibẹ̀ náà ni kí ó wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo òfin tó dé ibi tí ẹ wà, bíi GDPR, òfin ààbò dátà ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù ní oṣù karùn-ún 2018. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní àyè ọ̀tọ̀ fún àkọsílẹ̀ ìlera. Ẹ má gbé irú rẹ̀ sí àkáǹtì ti ara yín nítorí pé ó yá ju ti yunifásítì lọ.

Mo ti kó gbogbo rẹ̀. Àwọn tí mo ti pín fáìlì fún tẹ́lẹ̀ ní líǹkì kò ṣí mọ́.

Líǹkì kì í bá fáìlì rìn. Àdírẹ́sì ni, ẹ sì ti kó kúrò ní àdírẹ́sì náà. Ẹ ní láti pín in lọ́tun, ẹ sì lè lo àǹfààní yìí láti tún un ṣe. Líǹkì "ẹnikẹ́ni tó bá ní i" máa ń rìn dé ibi tí ẹ kò rán an dé. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàn ń kà máa kà lásán. Líǹkì tó wà nínú àwọn ìwé yín náà, ẹ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn kò dùn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti dé?

Ẹ ka iye fáìlì àti ìwọ̀n wọn ní ìhà méjèèjì. Iye lè yàtọ̀ díẹ̀ torí .DS_Store ti Mac àti desktop.ini ti Windows, tí kò já mọ́ nǹkan. Ẹ ṣí bíi fáìlì mẹ́wàá láti ibi tó yàtọ̀ síra, pàápàá àwọn tó tóbi jù. Fún dátà ìwádìí, ẹ jẹ́ kí "rclone check" fi méjèèjì wé ara wọn fún yín. Ẹ fi ibi àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà fún oṣù kan, ẹ má kọ nǹkan tuntun síbẹ̀.

Ṣé mo lè ju háàdì díìsìkì mi nù báyìí?

Ẹ ṣe sùúrù. Òfin àtijọ́ kan wà tí mo ṣì ń tẹ̀ lé: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan jìnnà sílé. Ibi ìpamọ́ yunifásítì jẹ́ ọ̀kan péré nínú mẹ́ta náà. Ẹ kọ tísíìsì yín sórí háàdì díìsìkì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà, ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀.

Oṣù mẹ́ta ló kù kí n kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ béèrè ọjọ́ gan-an tí wọn yóò ti àkáǹtì yín. Ẹ má fi ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ṣe ìwọ̀n, torí wọ́n lè yàtọ̀ síra. Lọ́dọ̀ Microsoft, bí wọ́n bá pa àkáǹtì rẹ́, ọjọ́ 30 ni OneDrive rẹ̀ máa ń wà bí alábòójútó kò bá yí i padà. Google ní ojú ewé "Transfer your content" tí ẹ fi lè kó ohun yín láti àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ lọ sí tiyín, bí yunifásítì bá ṣí i sílẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ fi lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹ ronú gbogbo ibi tí ẹ ti fi ímeèlì yunifásítì forúkọ sílẹ̀: Zotero, ORCID tó ń fún olùwádìí ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, àwọn ìwé ìròyìn ìwádìí, ibi tí ẹ ti ń wá iṣẹ́. Ẹ yí i padà níbẹ̀ nígbà tí ímeèlì náà ṣì lè gba lẹ́tà ìmúdájú.